Ọjọ́ wo gan-an ni "Jerusalema" jáde? Ọ̀rọ̀ orin ijó kan àti owó tó dá ìjà sílẹ̀

Mo ti fẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan báyìí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi pè mí, ó ní wọ́n ti pa òun lẹ́nu mọ́. Mo ní ta ni wọ́n. Ó ní àwọn onífídíò. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta àǹkárá àti léèsì ní Gbági n'Ìbàdàn níbí, àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń bá a tajà ló tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, kálukú gbé àǹkárá yáàdì mẹ́fà lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé tíréè oúnjẹ, wọ́n ń jó "Jerusalema", ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ó kọ iye owó aṣọ sábẹ́ ẹ̀, ó fi nọ́ńbà sí i, ó gbé e sórí app kan táwọn èèyàn ti ń wo fídíò, ó sùn. Ìgbà tó máa fi jí, àwọn ọmọ ṣì ń jó nínú fídíò o, àmọ́ orin ò sí mọ́, ó wá dà bí ìgbà tí NEPA mú iná lọ níbi tí ijó ti ń gbóná tí ara àwọn kan ò tíì gbà á. Àwọn tó ni app yẹn kọ̀wé sí i pé orin yẹn ò sí fún ẹni tó ń polówó ọjà.

"Ṣé mo jí i ni?" bó ṣe bi mí nìyẹn. "Ṣebí dátà mi ni mo fi dáńlóòdù ẹ̀. Gbogbo ayé ló jó orin yẹn nígbà kòrónà, ta ni wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbowó o. Ọlọ́pàá gan-an, wọ́n gbowó lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní "Ọlọ́pàá ibo?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé oorun ti lọ. Bíi wákàtí kan ni mo fi ṣàlàyé fún un, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, ẹ wo iye àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pariwo pé wọ́n yọ ohùn fídíò àwọn.

Ẹni tó ṣe orin yìí ni Master KG, Kgaogelo Moagi lorúkọ ẹ̀ gangan, ọmọ agbègbè Tzaneen ní Limpopo, òkè lọ́hùn-ún ní South Africa. 1996 ni wọ́n bí i, kò tíì pé ọmọ ọdún 24 nígbà tórin yìí kọ́kọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ nǹkan kan kí n má gbàgbé: òun kọ́ lẹ ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kó to ìlù pọ̀. Ẹni tó kọrin ni Nomcebo Zikode, ọmọ Hammarsdale ní KwaZulu-Natal, èdè Zulu ló fi kọ ọ́, àdúrà sì ni, ó ń bẹ Ọlọ́run kó má fi òun sílẹ̀ sáyé níbí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti jó o nílé ọtí, mo sì ti jó o níbi ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kò sì sẹ́ni tó wò mí burúkú níbi méjèèjì.

House ni wọ́n ń pe irú orin yìí. Àwọn díjéè aláwọ̀ dúdú ní Chicago ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láwọn ọdún 1980, kò sì le láti dá mọ̀, ìlù bààsì á máa dún gbì, gbì, gbì, gbì, mẹ́rin mẹ́rin, kì í yẹsẹ̀, ó máa ń tó 120 sí 128 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó dé South Africa wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fi tiwọn lú u, ibẹ̀ la ti rí kwaito, a rí gqom, a rí amapiano táwọn ọmọ Èkó ń jó lónìí bíi pé Agége ni wọ́n ti ṣe é.

Ó wá ku ọjọ́ tó jáde. Ẹ bi ẹni mẹ́ta, ẹ máa gbọ́ ọjọ́ mẹ́ta, kò sì ní sí òpùrọ́ nínú wọn. 29 November 2019 ló kọ́kọ́ bọ́ síta, torí wọ́n ti jẹ́ káwọn èèyàn tọ́ díẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn mọ́. Fídíò ẹ̀ tẹ̀lé e ní 21 December. Ní January 2020 ó tún jáde nínú àwo tí wọ́n fi orúkọ orin yẹn gan-an pè. 19 June 2020, remix, ìyẹn orin náà tí wọ́n tún ṣe, tó ní Burna Boy nínú. 10 July 2020, èyí tí wọ́n gé kúrú. Orin kan náà ni gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde, ṣe ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn míì tówó máa gbà wọlé.

Gígé tí wọ́n gé e yẹn gan-an ní ọgbọ́n nínú. Orin ijó máa ń gùn tẹ́lẹ̀, torí díjéè la ṣe é fún, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ á jẹ́ ìlù lásán, ìparí ẹ̀ á jẹ́ ìlù lásán, kí díjéè lè fi ìdí ọ̀kan lé orí èkejì káwọn tó ń jó má mọ̀gbà tí orin yí padà. Àmọ́ rédíò ò ní sùúrù fún ìyẹn. Àwọn ibi tá a ti ń gbọ́ orin lórí fóònù náà ò ní in, lórí Spotify tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá wọ́n ti kà á fún wọn nìyẹn, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà o, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú kan o, ọ̀kan náà ni wọ́n máa kà. Kí wá ni wọ́n fẹ́ gùn ún sí? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi sá, màá ní Luanda lorin yìí ti jáde, ní Àngólà, ní February 2020, label kankan, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ò sì dá ọjọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ oníjó kan tí wọ́n ń jẹ́ Fenómenos do Semba wà ní àgbàlá kan, wọ́n ń jẹun. Àwo oúnjẹ wà lọ́wọ́ kálukú. Orin ń lọ lẹ́yìn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò gbé àwo sílẹ̀, èkejì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àwo tiẹ̀, ẹnu ń jẹ ẹsẹ̀ ń jó, títí gbogbo wọn fi wà lórí ìlà, oúnjẹ ò dà. Fídíò yẹn ò jọ ìpolówó rárá, bóyá ohun tó jẹ́ kó wọ̀ wá lára nìyẹn, torí ta ni ò rí irú ẹ̀ rí níbi ìnáwó, ẹni tó gbé ìrẹsì dání tí díjéè yí orin tí ò lè mú un mọ́ra. (Ẹ wo àwọn ọmọ Gbági pẹ̀lú àǹkárá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀.)

Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, kónílé-ó-gbélé. Gbogbo ayé jókòó sílé, ẹ̀rù ń ba kálukú, ijó tí ò gba kéèyàn di ẹnikẹ́ni mú ló wá wà nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin ẹ dúró níbi tiyín, èmi náà kí n dúró níbi tèmi, ìlà kan náà la ṣì wà. Nọ́ọ̀sì jó o nínú aṣọ iṣẹ́. Fadá jó o. Àwọn òṣìṣẹ́ bàálù jó o nídìí bàálù tí ò rí ibi lọ. Nígbà tó di September, Ààrẹ Ramaphosa fúnra ẹ̀ dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ kòrónà, ó ní kí gbogbo ọmọ South Africa jó o ní 24 September, ọjọ́ àjọ̀dún àṣà wọn. Ìgbà wo lẹ rí ààrẹ tó pàṣẹ ijó?

Ti Burna Boy yẹn náà, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ẹ̀. Ọmọ Port Harcourt tó ń da Yorùbá sínú orin bí ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ṣómólú. Ìgbà tó wọ inú remix ni orin yẹn wọ àtẹ Billboard, tí wọ́n fi ń to àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù l'Amẹ́ríkà. Àmọ́ ohun táwọn èèyàn kì í rò nìyí: remix kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Tí ẹnì kan bá fi ohùn kún orin, èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ yẹn ti di ọmọ tuntun, ó ní olówó tiẹ̀, àwo ìrẹsì kan náà ni àmọ́ ṣíbí ti pọ̀ sí i.

Ó dọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá wàyí.

Ní Jámánì ni. Àwọn ọlọ́pàá wọn, àwọn panápaná, àwọn ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ló ti jó ijó yìí tí wọ́n gbé e síta káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di February 2021 ìròyìn wá jáde pé Warner Music, ilé iṣẹ́ orin tó ń bójú tó orin yẹn lọ́dọ̀ wọn, ti ń kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n wá sanwó. Ìjọba ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia sanwó lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá tiwọn. Ariwo ta, àwọn èèyàn ní irú ìwà wo lèyí, nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkú jáde láàárọ̀ tó jó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́sàn-án, òun lẹ ń bi lówó? Warner ní àwọn ò bá ẹni tó kàn ń jó nílé ẹ̀ jà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi orin yẹn gbé orúkọ ara wọn ga làwọn ń bá sọ̀rọ̀, àti pé olórin gbọ́dọ̀ jẹun níbi iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò gbà. Mo wá fi àdìrẹ ṣàlàyé fún un torí ìyẹn ló yé e. Mo ní ká ní ẹnì kan jókòó, ó ro àwòrán kan tẹ́nikẹ́ni ò rí rí, ó yà á. Ẹlòmíì gba àwòrán yẹn, ó fi ẹ̀kọ yà á sára aṣọ funfun, ó rẹ ẹ́ sínú aró, ó sá a, ó di àdìrẹ. Ṣé àwòrán yẹn àti aṣọ tó wà lórí okùn yẹn, ọ̀kan náà ni? Ó ní rárá. Mo ní ẹ ṣeun. Orin náà bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀, àwòrán nìyẹn, ó ní olówó. Èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ ní sítúdíò, táwọn olórin ń pè ní master, aṣọ nìyẹn, òun náà ní olówó tiẹ̀, label ló sì sábà máa ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín tún "Jerusalema" kọ fúnra wọn tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi sínú fídíò ọjà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àwòrán lẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ ohùn Nomcebo gan-an lẹ fẹ́ fi sí i, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ó ní "Àmọ́ àwọn ọmọdé ń fi ṣe fídíò lójoojúmọ́ lórí app kan náà." Òótọ́ ni. App yẹn ló ti bá àwọn label ṣe àdéhùn sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó kàn ń ṣeré. Àdéhùn yẹn ò kan ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ti rí i pé àkáǹtì oníṣòwò ni, orin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oníṣòwò nìkan ni wọ́n máa gbà fún un, àwọn orin tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, tó máa ń dún bí orin inú ẹlifétọ̀. Iye owó aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sábẹ́ ijó yẹn ló bà á jẹ́. Ijó yẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Tèmi ni pé òfin wà lẹ́yìn Warner, àmọ́ àsìkò tí wọ́n mú burú, ṣe ló dà bí ẹni tó lọ gbowó èsúsú nílé ọ̀fọ̀. Ohun tó wá mú mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dénú, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní July ọdún yẹn kan náà. Wọ́n ti ní olórin gbọ́dọ̀ jẹun, àbí? Nomcebo, tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀ ni gbogbo ayé ń gbọ́, bọ́ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ò tíì rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ label lórí orin yẹn, pé wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú òun, pé àwọn agbẹjọ́rò òun ti wọ̀ ọ́. Open Mic ni label yẹn. Master KG fèsì pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti san nǹkan fún un, bí wọ́n ṣe máa pín in ló dìjà. Mi ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹ ro ó wò, lẹ́yìn tí ààrẹ orílẹ̀-èdè ti ní káwọn èèyàn jó orin kan, àwọn tó ṣe é ṣì ń jà lórí ta ló ni kí ni. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Àwọn méjì kan tún yọjú pé àwọn lọ́wọ́ nínú beat, ìyẹn ìlù orin yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn náà fẹ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú orin ijó, ó ti pẹ́ gan. Nínú orin míì, ẹni tó ń kọrin lọ̀gá, orúkọ ẹ̀ ló máa ń wà níwájú. Nínú orin ijó, ẹni tó to ìlù ló ni orin, ẹni tó kọ ọ́ á wá di àlejò, "featuring", wọ́n tiẹ̀ lè san owó ọjọ́ kan fún un kó máa lọ ilé. Ní 1990, "Gonna Make You Sweat" ti C+C Music Factory gba ayé kan, Martha Wash ló fi ohùn tó ń pariwo yẹn sí i, nígbà tí fídíò máa jáde obìnrin míì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ya ẹnu. Martha Wash gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń pè ní "ohùn" ò gbọ́dọ̀ sùn nínú ọ̀rọ̀ orin ijó, ẹ gba mí gbọ́.

Àwọn ọmọ Luanda tó dá ijó yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Ijó ò sí nínú ìwé orin. Ẹni tó dá ẹsẹ̀ sílẹ̀ ò ní ìpín nínú owó tí orin ń pa, bó ṣe wà nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn ló gbé orin yẹn dé Jámánì. Òkìkí ni tiwọn. Mi ò mọ ọjà tí wọ́n ti ń ná òkìkí.

Nílé wa níbí, ohun tó máa ń fa irú wàhálà yìí ò pọ̀: wọ́n á ká orin tán láago mẹ́ta òru, gbogbo ara á yá, wọ́n á di mọ́ra wọn, kò ní sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní split sheet, ojú ewé kan péré, orúkọ ẹni tó ṣe beat, orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lórin, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ sí i, ó parí. Kí orin tó jáde o! Tó bá ti jáde tó sì ti gbajúmọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ìdá mẹ́wàá mọ́, gbogbo wọn ló máa rántí pé àwọn ló ṣe gbogbo ẹ̀. Nàìjíríà náà ti ní òfin copyright tuntun, March 2023 ni Buhari fọwọ́ sí i, ó ti wo ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ òfin ò lè bá yín rántí ohun tẹ́ ẹ jọ sọ láago mẹ́ta òru.

Nomcebo ò kúkú kú síbẹ̀. Ní February 2023 ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy pẹ̀lú Wouter Kellerman àti Zakes Bantwini, olórin South Africa làwọn náà, lórí orin míì, "Bayethe". Inú mi dùn gan lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ohun tóun máa ṣe, òun ò bèèrè Grammy. Mo ní ohun méjì ló wà: kẹ́ ẹ mú nínú orin tí app yẹn ní fún oníṣòwò, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa ṣe tiyín. Ó ní ti àkọ́kọ́ yẹn, òun ti gbọ́ wọn, orin òkú ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ó pe bàbá onígángan kan tó máa ń wá sí ọjà lọ́jọ́ Friday, bàbá yẹn lù ú fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi fóònù ká a, àwọn ọmọ tún gbé àǹkárá lé àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ò bá ìlù yẹn lọ dáadáa, ọmọ kan tiẹ̀ já aṣọ sílẹ̀.

Ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wò ó kóun tó gbé e síta. Mo wò ó. Mo pè é padà, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti bàbá onígángan yẹn, kí lẹ jọ kọ sílẹ̀?

Ó ní òun ra àkàrà fún un.